Y Kan, Ìran Púpọ̀: Bí Jíìnì Ṣe Tò lórí Kúrómósómù Y Ènìyàn àti ti Ìnàkí

Àwọn tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kúrómósómù Y ti kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ni yóò wà níjòókòó. Mo dúpẹ́ fún ìkìlọ̀ náà, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kan ilé ju bó ṣe kan ilé ìwé lọ.

Ọ̀dọ̀ kòkòrò ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1905, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Nettie Stevens ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bryn Mawr ní Pennsylvania. Kòkòrò inú ìyẹ̀fun tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló ń fi maikirosíkóòpù wò. Ó ń ka kúrómósómù inú sẹ́ẹ̀lì wọn, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-rín gígùn tí gbogbo ohun àjogúnbá wà lára wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì abo, ó ka ogún, gbogbo wọn tóbi. Nínú ti akọ, ó tún ka ogún, àmọ́ mọ́kàndínlógún ló tóbi. Ọ̀kan tó kù kéré débi pé èèyàn lè fojú fò ó. Ó wá wo àtọ̀ akọ náà. Ìdajì sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ní ńlá mẹ́wàá, ìdajì yòókù ní ńlá mẹ́sàn-án àti kékeré kan. Stevens sọ ohun tó tẹ̀ lé e láìfi bọpo bọyọ̀: ẹyin tí àtọ̀ oníkékeré bá bá pàdé, akọ ni yóò dà. Edmund Wilson ní yunifásítì Columbia náà rí ohun tó jọ ọ́ lọ́dún kan náà, orúkọ ọkùnrin sì ni ọ̀pọ̀ ìwé fi síwájú fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin náà kú lọ́dún 1912.

Kékeré yẹn ni à ń pè ní Y. Kúrómósómù mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ní méjì-méjì. Obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Gbogbo ẹyin tí obìnrin ń mú jáde, X ló wà nínú rẹ̀. Àtọ̀ ọkùnrin ló lè mú X wá tàbí kó mú Y wá. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ rí níbi tí wọ́n ti ń sọ pé, “Ìyàwó yìí, obìnrin nìkan ló ń bí,” tí wọ́n sì ti ń wá ìyàwó mìíràn fún ọkọ nítorí rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìdí tó wà lẹ́yìn ẹ̀sùn yẹn ti wó. Ìyá kò ní Y tí yóò fún ọmọ kankan.

Ohun tó wà lórí Y tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin kò hàn kíákíá bẹ́ẹ̀. Ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ní London, tí Peter Goodfellow àti Robin Lovell-Badge wà lára wọn, tó tọ́ka sí jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ ohun àjogúnbá kan lórí kúrómósómù; SRY ni wọ́n pè é. Oyún tí kò tíì tó oṣù méjì kò tíì fi akọ tàbí abo hàn. Ohun tó lè di ilé ẹyin náà ló lè di kóró ẹpọ̀n. Tí SRY bá jí lásìkò yẹn, kóró ẹpọ̀n ni yóò dà. Lọ́dún 1991 wọ́n fi Sry ti eku sínú ẹyin eku tó jẹ́ XX, èyí tó yẹ kó di abo. Akọ ló dà. Ó ń gun abo bí akọ eku yòókù. Ṣùgbọ́n kò ní àtọ̀, kò sì lè sọ abo kankan di aláboyún.

Ẹ jẹ́ ká dúró ti eku yẹn díẹ̀, torí àwọn ìwé ìròyìn kò dúró tì í. Jíìnì kan tó láti mú un ṣe akọ. Kò tó láti mú un ṣe bàbá. Àwọn jíìnì mìíràn wà lórí Y tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí ọkùnrin lè bímọ, àwọn ni mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ wò: ibi tí wọ́n wà, bí wọ́n ṣe tò, àti ohun tó mú kí ìtò náà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ènìyàn dé ọ̀dọ̀ ìnàkí tó sún mọ́ wa jù lọ.

X àti Y kì í ṣe àjèjì síra wọn. Ní nǹkan bí 180 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kúrómósómù méjì tó dọ́gba ni wọ́n, bíi ti àwọn yòókù. Jíìnì kan tí à ń pè ní SOX3, tó ṣì wà lórí X títí dòní, yí padà lórí ọ̀kan nínú méjèèjì, ó sì di SRY. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Àwọn kúrómósómù yòókù, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, méjì-méjì ni wọ́n ń sún mọ́ra, tí wọ́n á sì gba apá kan lọ́wọ́ ara wọn. Bí àṣìkọ bá ti wọ apá kan ọ̀kan nínú wọn, ìpàṣípààrọ̀ yìí ni ọmọ fi lè rí èyí tó dára gbà. Lórí Y, apá tí SRY wà dorí kodò. Nígbà tó dorí kodò, kò bá ti X mu mọ́, ìpàṣípààrọ̀ sì dúró níbẹ̀. Apá mìíràn tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ Bruce Lahn àti David Page fi hàn pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ léra ni ìyapa náà gbà, torí bí jíìnì bá ṣe wà ní ọ̀kánkán lórí X bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí ìyapa rẹ̀ pẹ̀lú ti Y ṣe ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Etí Y nìkan ló ṣì ń bá X ṣe pàṣípààrọ̀ lónìí, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà DNA (èyí tí a fi kọ ohun àjogúnbá), tí púpọ̀ jù nínú wọn wà níbi ṣónṣó apá kúkúrú rẹ̀.

X rí X mìíràn bá ṣe pàṣípààrọ̀ nínú ara obìnrin. Y kò rí ẹnìkan. Àṣìkọ tó bá wọlé, ó wọlé nìyẹn. Jíìnì kan bàjẹ́, òmíràn já bọ́, títí tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo jíìnì tí Y ní nígbà tó bá X dọ́gba, nǹkan bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kù lára ti ènìyàn.

Jennifer Graves, onímọ̀ ará Ọsirélíà, ló ṣe ìṣirò tó di gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Tí Y bá ń pàdánù jíìnì bó ṣe ń pàdánù wọn bọ̀, ó ní, yóò tán ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún sí i. Àwọn ìwé ìròyìn fò mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ọkùnrin fẹ́ parẹ́ láyé. N kò rò pé ìṣirò rẹ̀ burú. Ohun tó gbé e kalẹ̀ lé lórí ló ní àlébù: ó gbà pé ìpàdánù náà ń lọ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí a lè fi mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni rí ni kí a wo Y ẹranko mìíràn tó ti yà kúrò lára wa tipẹ́. Lọ́dún 2012, Jennifer Hughes àti David Page gbé Y ọ̀bọ rhesus ti Éṣíà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ènìyàn. Ọ̀bọ yìí àti àwa ti pínyà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n ọdún. Nínú gbogbo àwọn jíìnì àtijọ́ tó wà lórí Y nígbà ìpínyà yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni ti ènìyàn ti pàdánù. Òjò ńlá ti rọ̀, ó sì ti dá tipẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi Graves ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí àwọn erékùṣù gúúsù Japan, irú eku ẹlẹ́gùn-ún kan wà nínú ẹ̀yà Tokudaia, tí akọ rẹ̀ kò ní Y, tí kò sì ní SRY. Ó ṣì ń bí akọ, ó sì ń bí abo. Ẹgbẹ́ Asato Kuroiwa ní Hokkaido kéde ní 2022 pé apá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì SOX9 ti di méjì lára akọ wọn, ìyẹn ló sì jọ pé ó gba iṣẹ́ SRY. Y lè parẹ́ nígbà náà. Ti ènìyàn ni kò tíì fi àmì bẹ́ẹ̀ hàn.

Kí ló wá dé tí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yẹn fi kọ̀ tí kò lọ? Iṣẹ́ tó jáde ní 2014 láti ọ̀dọ̀ Daniel Bellott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Y oríṣiríṣi ẹranko wéra. Jíìnì tó kù lórí Y kì í ṣe ti àtọ̀ nìkan. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ káàkiri ara, nínú ọkàn, nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń darí bí jíìnì mìíràn ṣe ń jí tàbí sùn. Ẹ̀dà kejì wọn wà lórí X. Ara nílò méjèèjì. Ẹ̀dà kan kò tó. Èyí bá ohun tí àwọn dókítà ti mọ̀ tipẹ́ mu: oyún tó ní X kan ṣoṣo láìní Y tàbí X kejì, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í dé ojú ayé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ilẹ̀ Y ṣe tò. Lọ́dún 2003 ni ẹgbẹ́ David Page, ní Whitehead Institute ní Massachusetts, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní St. Louis, kọ́kọ́ kà á jáde, àyàfi àwọn apá tí kò ṣeé kà nígbà náà. Oríṣi àdúgbò mẹ́ta ni wọ́n rí.

Ọ̀kan kéré, ó sì jẹ́ ti ènìyàn nìkan. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwa àti ṣinpansí ti pínyà, apá kan X tó gùn ju mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà lọ da ara rẹ̀ kọ, ẹ̀dà náà sì lọ bọ́ sórí Y. Jíìnì méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ṣinpansí kò ní in níbẹ̀. Ìkejì ni àdúgbò àwọn jíìnì àtijọ́ tí mo ti sọ, àwọn àṣẹ́kù ìgbà tí Y bá X dọ́gba, pẹ̀lú òkú jíìnì tó dùbúlẹ̀ láàárín wọn, tí a ṣì lè mọ̀ nípa fífi wọ́n wé ti X.

Ìkẹta ló mú èmi. Níbẹ̀ ni àwọn jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú kóró ẹpọ̀n wà, kò sì sí èyí tó dá nìkan wà nínú wọn: méjì, mẹ́rin, àní jíìnì kan tó ń jẹ́ TSPY wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dà tó to tẹ̀ léra. Ibẹ̀ náà ni àwọn pálíńdróòmù mẹ́jọ wà, ìyẹn gígùn DNA tí apá ọ̀tún rẹ̀ kọjú sí apá òsì, tó fi jẹ́ pé tí a bá ka apá kọ̀ọ̀kan láti ìta wọlé, lẹ́tà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó tóbi jù, P1, gùn tó mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà ó dín díẹ̀, ìyẹn 2,900,000. Tí ẹ bá fi apá rẹ̀ méjèèjì wéra, wọ́n bára mu ní 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún: nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́tà, bíi mẹ́ta ló yàtọ̀.

Ìbáramu yìí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣinpansí náà ní púpọ̀ nínú àwọn pálíńdróòmù wọ̀nyí, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti wà kí a tó pínyà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà tàbí méje ọdún sẹ́yìn. Ó yẹ kí apá ọ̀tún àti apá òsì ti yàtọ̀ síra gan-an láti ìgbà náà. Dípò bẹ́ẹ̀, apá méjèèjì ti ènìyàn jọra ju bí èyíkéyìí nínú wọn ṣe jọ ti ṣinpansí lọ. Àlàyé kan ló bá a mu: apá kan ń tún èkejì kọ.

Ẹ wo ilà ojú. Ẹni tó kọ àbàjà, bó ṣe wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló wà ní òsì. Bí ọgbẹ́ bá ba ti ọ̀tún jẹ́, olóòlà kò ní í lọ sílé onílé lọ béèrè bí ilà ìdílé yẹn ṣe rí. Yóò wo òsì, yóò sì tún ti ọ̀tún kọ. Y tí kò rí ẹni bá ṣe pàṣípààrọ̀, ara rẹ̀ ló ń wò tún ara rẹ̀ kọ. Steve Rozen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní 2003 pé, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bíi 600 lẹ́tà ni irú àtúnkọ yìí ń kàn lórí Y ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí a bá bí. Olóòlà yìí kò ní ojú o. Bó bá jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ ló wò, èyí tó dára ni yóò bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àtúnkọ burúkú bá bọ́ sí lára kì í sábà bímọ, èyí tó dára ló ń tẹ̀ síwájú.

Inú àwọn pálíńdróòmù yìí ni DAZ wà, jíìnì kan láti inú ẹbí tí ara kò lè ṣe àtọ̀ láìsí wọn. Orí kúrómósómù kẹta ló ti wá. Ẹ̀dà kan rẹ̀ bọ́ sórí Y nígbà ayé àwọn bàbá ńlá tí àwọn ọ̀bọ Áfíríkà àti Éṣíà, ìnàkí àti ènìyàn jọ ní. Lára ọkùnrin tó pọ̀ jù lọ lónìí, ẹ̀dà mẹ́rin rẹ̀ ló wà, méjì-méjì, tí wọ́n kọjú síra. Kò sí lórí Y eku rárá. Ohun tí Y ní lónìí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jogún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ń kó ohun tuntun jọ, tí ó bá sì kó o, ó ń dà á kọ.

Mo ti dárúkọ ṣinpansí lẹ́ẹ̀mélòó kan. Kì í ṣe ẹranko òkèèrè fún wa. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà nínú igbó Ìdànrè, igbó Ọmọ àti igbó Ìṣẹ̀ ní Èkìtì, wọ́n ṣẹ́kù díẹ̀ gan-an, ọ̀dẹ àti agégẹdú kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Tí a bá to gbogbo DNA wọn lórí tiwa, lẹ́tà tó yàtọ̀ níbi tí wọ́n bára mu kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ayé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ Hughes àti Page ka Y ṣinpansí, wọ́n sì rí ohun tí kò sẹ́ni tó retí: ó lé ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tí kò ní ojúgbà kankan lórí Y ènìyàn. Jíìnì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì tiwa, àmọ́ pálíńdróòmù rẹ̀ ju ìlọ́po méjì tiwa lọ. Àwọn jíìnì àtijọ́ kan tí àwa tọ́jú, ó ti sọ wọ́n nù.

Àlàyé tí wọ́n fún un bọ́gbọ́n mu. Abo ṣinpansí tó wà ní àkókò tí akọ ń gùn ún máa ń gba ọ̀pọ̀ akọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìjà àwọn akọ kò parí síta. Ó ń bá a lọ nínú ara abo, láàárín àtọ̀ àti àtọ̀. Ìdí nìyẹn tí kóró ẹpọ̀n ṣinpansí fi tóbi ju ti gòrílà lọ ní ìlọ́po púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gòrílà lágbára, ó sì wúwo jù ú lọ fíìfíì: akọ gòrílà kan ló sábà ń ni gbogbo abo agbo rẹ̀, kò ní ẹni tí àtọ̀ rẹ̀ ń bá jà. Ní agbo ṣinpansí, Y tó bá ní àǹfààní díẹ̀ nínú àtọ̀ yóò borí. Nítorí pé Y kì í pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ń bá a borí, àti dáadáa àti àlébù. Jíìnì tó ti bàjẹ́ lè gba ọ̀nà yẹn kárí gbogbo agbo.

Mo gba àlàyé yìí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣì tọ̀nà lápá kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2024, ẹgbẹ́ Kateryna Makova ní Penn State àti Adam Phillippy ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gbé X àti Y ìnàkí mẹ́fà jáde ní kíkún, láti etí dé etí: ṣinpansí, bonobo, gòrílà, orangutan méjì, ti Borneo àti ti Sumatra, pẹ̀lú siamang. Ohun tí wọ́n rí kọjá àlàyé kan. Lórí X, ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó bá ti ènìyàn mu. Lórí Y, láàárín ìdá 14 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún péré. Gígùn wọn náà ò bára dé rárá: èyí tó kúrú jù jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù ọgbọ̀n lẹ́tà, ti orangutan Sumatra sì jẹ́ mílíọ̀nù 68.

Ẹ wá bá mi wò ó. Ìgbéyàwó nìkan kò lè sọ bí Y yóò ṣe gùn tó. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ gígùn náà jẹ́ ti àwọn lẹ́tà tó ń tún ara wọn sọ ṣáá láìní jíìnì nínú, tí wọ́n ń wú, tí wọ́n sì ń fọ̀, bí àṣìkọ bá ṣe gbé wọn. Tí ẹ bá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó kù ni ìtàn kan náà lára ìnàkí méjèèje tí ènìyàn jẹ́ ọ̀kan wọn: jíìnì àtijọ́ díẹ̀ tí wọ́n dì mú, pálíńdróòmù tó kún fún jíìnì àtọ̀, àti ìtò tí ẹnìkọ̀ọ̀kan tún tò bó ṣe wù ú.

Kí ló dé tó fi di 2023 kí a tó rí Y ènìyàn kan ṣoṣo kà tán? Ẹ̀rọ àtijọ́ ń ka DNA ní wẹ́wẹ́. Níbi tí gbólóhùn kan náà bá wà lọ́nà ọgbọ̀n, kò sí bí o ṣe lè mọ èyí tí wẹ́wẹ́ kan ti wá. Ó lé ní ìdajì Y tó wà ní òfìfo nínú àwòrán tí gbogbo ayé ń lò. Àwọn ẹ̀rọ tuntun lè ka ọ̀kẹ́ àìmọye lẹ́tà ní ìlà kan láìdánudúró, ní oṣù kẹjọ 2023 sì ni Arang Rhie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Y ọkùnrin kan jáde: 62,460,029 lẹ́tà, láìsí àlàfo. Jíìnì mọ́kànlélógójì tuntun wà níbẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán àtijọ́, púpọ̀ nínú wọn ẹ̀dà TSPY. Lọ́jọ́ kan náà, Pille Hallast àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé Y ọkùnrin mẹ́tàlélógójì jáde láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Èyí tó kúrú jù jẹ́ 45.2 mílíọ̀nù, èyí tó gùn jù jẹ́ 84.9 mílíọ̀nù. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, ara wọn le, ṣùgbọ́n Y ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn.

Ìbàdàn wà nínú ìtàn yìí. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, ìdílé ọgbọ̀n láàárín Yorùbá Ìbàdàn ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ, lẹ́yìn ìjíròrò gígùn pẹ̀lú àwùjọ wọn tí Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó darí rẹ̀. YRI ni àmì tí àwọn onímọ̀ kárí ayé mọ̀ wọ́n sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní 1000 Genomes, irú àkójọ tí Hallast ti mú ọkùnrin rẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í lo àwọn lẹ́tà yẹn níbì kan. Mo máa ń ṣe kàyéfì bóyá àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀ mọ̀ bó ṣe rìn jìnnà tó.

Ìran Y tó gbilẹ̀ jù láàárín wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní E-M2, ó sì kárí Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ti ẹnu ibodè wa tún ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ú lọ. Lọ́dún 2013, wọ́n rí Y kan lára ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní South Carolina tí kò bá ẹ̀ka kankan mu lórí igi tí wọ́n ti yà. Nígbà tí wọ́n wá ojúgbà rẹ̀ kiri, àárín àwọn ará Mbo ní ìwọ̀ oòrùn Kamẹrúùnù ni wọ́n ti rí i. A00 ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní ó ti yà kúrò lára ìyókù ní 338,000 ọdún sẹ́yìn. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e dín in kù, àmọ́ ó ṣì lé ní 200,000.

Ó ku àkóbá tí àtúnkọ láàárín apá pálíńdróòmù ń ṣe. Nítorí pé apá méjì jọra tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ara tó ń tún DNA ṣe lè ṣì wọ́n mú. Ó lè so apá kan mọ́ èkejì tó jọ ọ́ níbi tó jìnnà, kó sì ju gbogbo ohun tó wà láàárín wọn nù. Lọ́dún 1976, Luciano Tiepolo àti Orsetta Zuffardi ní Italy rí àwọn ọkùnrin mélòó kan tí wọn kò ní àtọ̀ rárá, tí apá gígùn Y wọn sì ti gé. Orúkọ tí a ń pe agbègbè náà lónìí ni AZF, ó pín sí a, b àti c. Ní AZFc ni DAZ wà. Tí gbogbo AZFc bá lọ, ẹ̀dà DAZ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá a lọ.

Ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lágbára, okó rẹ̀ ń dìde, irùngbọ̀n rẹ̀ pé. Kì í ṣe akúra. Ìdí yẹn gan-an ni gbogbo ojú fi ń bọ́ sára ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà yóò mu àgbo, yóò gbààwẹ̀, yóò gun orí òkè àdúrà, wọn yóò máa pè é ní àgàn, a kò sì tíì sọ fún ọkọ pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ náà lọ. Tí àtọ̀ bá ṣọ̀wọ́n tàbí tí kò sí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ló tó láti fi wo AZF. Èsì rẹ̀ wúlò: ẹni tí AZFa rẹ̀ bá lọ pátápátá, iṣẹ́ abẹ láti wá àtọ̀ nínú kóró ẹpọ̀n kì í sábà so èso, kò sì yẹ kí wọ́n gba owó rẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ AZFc nìkan ló lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ṣì ń rí àtọ̀ díẹ̀ tí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gún sínú ẹyin. Kí ó mọ̀ pé tí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin, Y tí ó ní àlàfo yẹn ni yóò jogún.

Èyí tó ṣòro jù ni ìpàdánù ìdajì, tí wọ́n ń pè ní gr/gr, níbi tí ẹ̀dà DAZ méjì lọ tí méjì kù. Ní àwọn ibì kan, ó ń bá àtọ̀ tó ṣọ̀wọ́n rìn. Ní Japan, ẹ wáá wò ó, ìran Y kan wà tí gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀ ni wọ́n ní ìpàdánù gr/gr, ìran náà sì pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yẹn, ó ń bímọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tó jẹ́ àìsàn lára Y kan lè jẹ́ ìtò lásán lára òmíràn. Bí ilé àyẹ̀wò kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó bá kọ gr/gr sórí ìwé ọkùnrin kan, tí dókítà sì fi ìwé tí wọ́n kọ nípa àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó lè da ìdílé rú lásán. Ohun tí dókítà náà nílò ni iye àwọn bàbá ọlọ́mọ lórí E-M2, láàárín wa níbí, tí wọ́n ní irú ìtò kan náà. Ẹ̀rọ tó lè kà á ti wà. Àwọn bàbá ọlọ́mọ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ óò ṣe, ọ̀kan nìyẹn.